Rìsíìtì Èké Tí Mo Tẹ̀ fún Àdúgbò Wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí rìsíìtì káńsù bá wà nílé yín, ẹ dìde, ẹ lọ mú un wá. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti kéré jù lọ. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan kà níbẹ̀, ẹ dúpẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mo bá yín san owó náà.

Gbádérọ̀ ni orúkọ mi. Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo kọ́ ní poli, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà ní Dùgbẹ̀. Ilé mi wà ní òpópónà kan lẹ́yìn Baṣọ̀run, ilé mẹ́tàlélógún lápapọ̀, odò kékeré kan sì gba ẹsẹ̀ òpópónà náà kọjá.

Ọlọ́run fún mi ní ojú tí kì í rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sọ fún yín pé wọ́n ti kó Òkè Màpó lọ sí Ìlọrin, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ béèrè ni ọkọ̀ tí wọ́n fi kó o. Lọ́dún kan, mo lẹ ìwé mọ́ òpó iná àdúgbò wa pé kí gbogbo ẹni tó bá ní àkùkọ wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, nítorí ìjọba fẹ́ mọ èyí tó ń kọ ṣáájú àkókò. Ẹni mọ́kànlá ló wá. Méjì nínú wọn gbé àkùkọ náà lọ́wọ́.

Bí mo ṣe ń jayé mi nìyẹn. Kò sí ẹni tó fara pa níbẹ̀, títí Abdulmojeed fi kan ilẹ̀kùn mi ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

Agbowó-orí káńsù ni Abdulmojeed, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti ní ewú díẹ̀ lágbọ̀n. Ó mú ìwé owó orí ilé wá fún mi. Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà.

Mo bi í pé, "Kí lẹ ń fi owó yìí ṣe gan-an?"

"A fi ń kó gọ́tà, sà. A fi ń gbẹ́ ojú odò."

"Ìgbà wo lẹ kó gọ́tà iwájú ilé mi kẹ́yìn?"

Ó wo gọ́tà náà. Koríko ti hù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó sáàárín rẹ̀ bí onílé.

"Ẹ ṣáà san án ná, sà," ló wí.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Rìsíìtì tí mo gbà ní báǹkì lọ́dún tó ṣáájú wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ irú rẹ̀ jáde, mo ṣe òǹtẹ̀ sí i, mo fọwọ́ sí i bí akápò. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo fi lẹ́tà tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa ń ka ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa ni.

Abdulmojeed padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wo rìsíìtì náà, ó mi orí, ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tó ń gbé kiri.

"Ẹ ṣé sà. Ọmọ ìlú gidi lẹ jẹ́."

Mo wọ yàrá lọ, mo dùbúlẹ̀, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu, ẹ̀rín ń gbọ̀n mí. Jọlá, ìyàwó mi, rò pé ibà ló ń ṣe mí.

Bí ó bá parí síbẹ̀ ni, olè ẹgbẹ̀rún méjìlá lásán ni ǹ bá jẹ́. Irú wa sì pọ̀.

Ṣùgbọ́n Alhaja Ṣùkúrát wá. Opó ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Orúnkún ń dà á láàmú.

"Gbádérọ̀, mo gbọ́ pé o ti san tìrẹ. Ẹsẹ̀ mi yìí ò lè dúró lórí ìlà ní báǹkì. Jọ̀ọ́, bá mi san án."

Ó ka owó lé mi lọ́wọ́, ó tún fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé e. "Fún ọkọ̀ rẹ."

Ẹ gbà mí gbọ́, mo ní in lọ́kàn láti lọ san án. Owó náà wà nínú àpò àyà mi títí mo fi dé Dùgbẹ̀. Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Oníbàárà kan jókòó tì mí, ó ní ìwé ìpè ìgbéyàwó òun kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Mo nawọ́ sí àpò àyà, mo fi owó Alhaja tún jẹnẹrétọ̀ ṣe.

Mo ní màá dá a padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, òǹtẹ̀ sì wà lórí tábìlì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló gbà mí.

Ọwọ́ méjèèjì ni Alhaja fi gba rìsíìtì náà. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rí ohun tí yóò dójú tì ọ́."

Mo ṣe àmín. Ojú mi kò yí padà.

Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn fi wá, òmíràn sì tún tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, alága ẹgbẹ́ onílé wa dìde nípàdé, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dín wàhálà kù. Gbádérọ̀ mọ̀wé, ó mọ̀nà. Kí olúkúlùkù máa kó tirẹ̀ fún un."

Alága yìí ni Ẹ̀gbọ́n Mánsúrù, ẹni tí ìtàn yìí jẹ́ tirẹ̀ jù. Ọmọ Ṣakí ni, ó fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ogún ọdún nínú rẹ̀ ló fi kọ́ ilé kan ṣoṣo, búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, ní ẹsẹ̀ òpópónà, nítòsí odò. Lọ́jọ́ tó kó wọlé, ọmọdé lè fò kọjá odò náà láìtutù.

Nígbà tí òjò ọdún kejì tí mo ń gbowó wọn rọ̀, odò gbé igi gúáfà ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lọ.

Ó pè mí wá wò ó. Ó kẹ̀yìn sí ògiri yàrá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìgbésẹ̀ lọ sí etí odò. "Mẹ́wàá ni tẹ́lẹ̀," ó wí. Ó dúró lórí ẹ̀kẹfà.

Ọdún kẹta, ó dúró lórí ẹ̀kẹta. Ògiri ti sán láti òkè délẹ̀. Mo ki ìka mi bọ ibẹ̀, ó sì wọlé.

Ó bi mí pé, "Gbádérọ̀, ṣé kì í ṣe káńsù ló máa ń po kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ odò?"

"Àwọn ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé a kì í sanwó wa ni?"

Ilẹ̀ kan já bọ́ sínú omi lẹ́yìn wa, ó dún gbì.

"À ń san án," mo wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. A ó kó rìsíìtì wa, a ó lọ bá wọn. Ìwọ ni o ó ṣáájú, nítorí ìwọ ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀."

Láti ọjọ́ náà lọ, bí òjò bá ti ṣú, mi ò ní lè sùn. Mo máa ń jókòó sí palọ̀, mo ń gbọ́ odò náà. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé àdúgbò náà, a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀.

Jọlá wá dúró níwájú mi lọ́jọ́ kan. Ó di nǹkan mọ́wọ́.

"Bàbá Ọmọ́fẹ́, kí ni òǹtẹ̀ káńsù ń wá nínú báàgì yín?"

"Àwàdà ni."

"Ta lẹ bá ń ṣàwàdà?"

Mo nawọ́ láti gba òǹtẹ̀ náà. Kò fún mi.

Ó gbé òǹtẹ̀ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó lè bú gbàmù. "Ilé Ẹ̀gbọ́n Mánsúrù ti ń lọ. Ẹ lọ sọ fún wọn kí ọjọ́ tó pé."

Ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí a fẹ́ lọ sí káńsù, a pàdé ní àgbàlá Alhaja Ṣùkúrát. Kálukú kó rìsíìtì rẹ̀ wá. Wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì, ọdún mẹ́ta gbáko. Mo wò wọ́n. Iṣẹ́ náà mọ́, mi ò ní purọ́.

Mo dìde dúró.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má kó àwọn ìwé yẹn lọ. Èmi ni mo tẹ̀ wọ́n. Káńsù kò mọ ìkankan nínú wọn."

Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe pé,

"Gbádérọ̀! Bí wọ́n bá sin ọ́ tán, o ó ṣì kan pósí látinú pé wọn ò tíì fún ọ ní ṣéńjì!"

Alhaja fi etí ìborùn nu omijé ẹ̀rín. "Ẹ wojú ẹ̀! Ẹ kàn bá mi wojú ẹ̀!"

"Òótọ́ ni mo ń sọ," mo wí.

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan di ìgbáròkó mú.

Ẹ̀gbọ́n Mánsúrù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín pẹ́. "Ó tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó ṣe kókó. Ilé mi ló kù díẹ̀ kó bómi lọ."

Ilé mi kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo lè lọ gbé òǹtẹ̀ náà wá. Mo lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí ara mi kí wọ́n rí i. Mo jókòó.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Títẹ̀ tí mo tẹ̀ ẹ́, olè ni wọ́n ń pè é. Jíjókòó tí mo jókòó, mi ò tíì mọ orúkọ tí màá fún un.

A dé káńsù ní Túsìdeè, àwa mẹ́fà. Wọ́n mú wa wọ ọ́fíìsì kan tí fáànù rẹ̀ ń ké. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹnjiníà Túnráyọ̀ ló jókòó síbẹ̀, akápò káńsù, Ọ̀gbẹ́ni Ọládàpọ̀, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Mánsúrù rojọ́. Kò pariwo. Ó ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló kù.

Ẹnjiníà gbọ́ ọ tán. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín. Owó tó ń ti Àbújá wá, owó oṣù ló ń jẹ ẹ́ tán. Owó orí ilé tí ará àdúgbò bá san la fi ń ra epo sí katapílà. Òun la fi ń kó gọ́tà, òun la fi ń po kọnkéré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a máa ń to àdúgbò sínú ìwé. Ibi tó bá sanwó, tí omi sì ń yọ lẹ́nu, ibẹ̀ la ó kọ́kọ́ lọ."

"A sanwó," Ẹ̀gbọ́n Mánsúrù dáhùn, "omi sì ń yọ wá lẹ́nu."

Obìnrin náà ṣí ìwé ńlá kan. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Ó tún béèrè orúkọ òpópónà wa.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọdún mẹ́ta, kò sí ẹyọ ilé kan tó sanwó níbẹ̀. Ibi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, a máa ń kọ ọ́ pé kò séèyàn. Nínú ìwé wa, igbó ni àdúgbò yín."

Alhaja gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Igbó? Èmi Ṣùkúrát ni mò ń gbé inú igbó?"

Ẹ̀gbọ́n Mánsúrù rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ti múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Ó tú rọ́bà, ó to gbogbo rìsíìtì náà síwájú akápò.

Akápò mú ọ̀kan. Ó yí i sí ojú fèrèsé. Ó ní, "Ìwé báǹkì ò rí owó kankan láti òpópónà yín. Ṣùgbọ́n ìwé Abdulmojeed, agbowó-orí wa, sọ pé gbogbo yín ti san. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní òun ló jẹ owó náà. Láti oṣù kejì ló ti wà nílé, kò gba owó oṣù."

Èyí ni mi ò mọ̀. Mo di ìjókòó mú.

Akápò yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé rìsíìtì náà súnmọ́ imú. Ètè rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ló kà á sókè, ní ohùn tí wọ́n fi ń ka ìwé ìjọba:

"'Owó yìí ti wọ àpò. Bí ẹ bá tún rí i, ẹ bá wa kí i.'"

Fáànù ń ké.

Ó mú òmíràn. "Ó wà níbí náà." Ó mú ẹ̀kẹta. "Ó wà nínú gbogbo rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n Mánsúrù yíjú sí mi. Ẹ̀rín díẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, irú èyí tí èèyàn máa ń rín nígbà tó bá ń dúró de ìparí àwàdà.

"Gbádérọ̀, ó tó. Sọ òótọ́ fún wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ ọ́ ní Sátidé."

Ẹ̀rín náà kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbà tó lọ tán, mi ò lè wo ojú tó kù.

Alhaja ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo fún ọ lówó ọkọ̀," ló wí. Ó tún un sọ. "Mo fún ọ lówó ọkọ̀, Gbádérọ̀."

Akápò nawọ́ sí fóònù. Ó ní ọlọ́pàá ni òun ń pè. Ẹ ò ní mọ ẹni tó dá a dúró: Ẹ̀gbọ́n Mánsúrù ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wọ́n. Bí ẹ bá tì í mọ́lé, ta ni yóò san owó ọdún mẹ́ta?" Ó kọjú sí Ẹnjiníà. "Ọmọ mi, bó bá san gbogbo rẹ̀ lọ́la, ìgbà wo lẹ ó dé ọ̀dọ̀ wa?"

"Katapílà kan la ní, bàbá. Iṣẹ́ ọdún yìí ti tò tán. Oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀."

"Òjò ńkọ́?"

Obìnrin náà wo fèrèsé. Inú oṣù kẹjọ la wà.

Mo ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá mi. Mo san gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú owó ìtanràn, mo tò lórí ìlà ní báǹkì ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọ̀wé, mo fọwọ́ sí i, wọ́n dá Abdulmojeed padà sẹ́nu iṣẹ́. Bó bá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ó máa ń kí gbogbo ilé. Tó bá kan tèmi, á fo gọ́tà lọ sí òdì kejì.

Lójoojúmọ́ ni mo ń kó àpò yanrìn lọ sí ẹ̀yìn ilé Ẹ̀gbọ́n Mánsúrù. Òun náà ń jáde wá, a jọ ń tò ó. Kì í bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá to àpò kan tí kò dúró dáadáa, á tún un tò.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án, òjò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo sáré wá láti Dùgbẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ òpópónà, omi ti gba orí àpò yanrìn kọjá. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ Alhaja. Òun nìkan ló dúró nínú òjò, kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ilé.

Kò dún bí mo ṣe rò. Ògiri ẹ̀yìn kọ́kọ́ fara balẹ̀, bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó. Yàrá mẹ́ta tẹ̀ lé e. Páànù orí rẹ̀ léfòó lọ, mo rí aṣọ fèrèsé tó ṣì so mọ́ igi.

Ogún ọdún ló fi kọ́ ọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ẹ̀gbọ́n," mo pè é. Ó gbé kẹ́tùlù náà sí ọwọ́ kejì, ó sì lọ wá ibi tí yóò ti kírun.

Katapílà dé ní oṣù kẹta lóòótọ́. Wọ́n gbẹ́ ojú odò, wọ́n po kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ilé tó kù ní òpópónà wa ló wà láàbò báyìí, tèmi náà sì wà nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ bí mo ṣe ń sọ tẹ́lẹ̀, pé káńsù kì í fi owó wa ṣe nǹkan kan, bóyá òótọ́ lẹ ń sọ níbi tí ẹ wà. Èmi rí ohun tí ẹgbẹ̀rún méjìlá lè gbé dúró, nítorí mo rí i nígbà tó wó.

Ṣùgbọ́n oṣù kìíní, kí katapílà tó dé, ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ̀gbọ́n Mánsúrù kàn sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní kí n sin òun lọ sí káńsù, nítorí èmi ni mo mọ àwọn ìwé wọn. Ohun tó kọ́kọ́ bá mi sọ láti oṣù kẹjọ nìyẹn.

Ó gbé owó síwájú akọ̀wé tó jókòó sídìí ìwé ńlá.

Akọ̀wé wo inú ìwé. "Bàbá, ilé yìí ti wó. Ẹ ò jẹ wá ní nǹkan kan mọ́."

"Mo mọ̀."

"Kí wá lẹ fẹ́ san?"

"Ti ọdún tó kọjá ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi san. Èyí tí Gbádérọ̀ yìí san yẹn, tirẹ̀ ni. Kọ orúkọ mi síbẹ̀. Kọ ọ́ gàdàgbà. Kí ẹni tó bá ṣí ìwé yín lọ́jọ́ iwájú mọ̀ pé èèyàn ló gbé ibẹ̀."

Akọ̀wé wò mí bóyá mo lè ṣàlàyé. Mo wolẹ̀. Àwọn méjì kan lẹ́yìn wa lórí ìlà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni.

Ó gba owó náà. Ó kọ ọ́.

Nígbà tí a jáde, Ẹ̀gbọ́n Mánsúrù dá kẹ̀kẹ́ kan dúró, ó wọlé, ó jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wọlé tì í. Ó wò mí, kò bínú, kò rojú. Lẹ́yìn náà ló gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀, ó sì gbé e lé ìjókòó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.